Wọ́n Fi Mí Ṣe Bàbá Àdúrà

Ọjọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ńṣe ni wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí ènìyàn bá jalè, wọ́n á lé e. Bí ó bá ya ọ̀lẹ, wọ́n á bá a wí. Èmi kò jalè, n kò sì ya ọ̀lẹ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà nídìí ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti gọ́tà àdúgbò wa ní Agbowó, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Níjọ́ tí mò ń wí yìí, alága ẹgbẹ́ onílé dìde níwájú ìpàdé, ó ní Dádì wa ti ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà, ó ti tó àsìkò kí wọ́n sinmi. Wọ́n bá gbé àga onítìmùtìmù kan jáde láti inú pálọ̀ akápò, wọ́n gbé e síwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n ní láti òní lọ èmi ni Bàbá Àdúrà ẹgbẹ́.

Mo béèrè ohun tí Bàbá Àdúrà ń ṣe. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa fi àdúrà ṣí ìpàdé, kí n sì máa fi àdúrà pa á dé. Mo ní láàárín méjèèjì ńkọ́?

"Ẹ sinmi, Dádì," ló wí. "Ẹ má síréèsì ara yín."

Mo jókòó sórí àga náà. Ó rọ̀ débi pé mo rì sínú rẹ̀, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà mi, mi ò sì lè rí ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Òwe wa ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò jókòó sórí àga akápò wa rí.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ mi ni pé kí n wọn ilẹ̀, kí n mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀, kí n sì sọ ibi tí omi yóò gbà kí wọ́n tó la ọ̀nà. Ní ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀ nígbà náà, bí mo bá ní omi yóò wọlé ẹnì kan, ẹnikẹ́ni kì í bá mi jiyàn. Wọ́n á ní kí n lọ yà á wá lórí ìwé. Mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé mi dé ọjà Bódìjà ní gbogbo Sátidé, mi ò mú ọ̀pá dání, mi ò sì jókòó sinmi lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí irun mi ti funfun tán ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ báǹkì á na ọrùn sí mi létí, á máa pariwo nọ́ńbà mi bí ẹni ń pe ẹni tó wà lókè odò. Àwọn awakọ̀ ní Òjòó á ní kí wọ́n bá bàbá mú ẹsẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ tí èmi fúnra mi ti mú wọlé. Lọ́jọ́ Sátidé kan ní Bódìjà, abilékọ kan já àpò ẹ̀wà gbà lọ́wọ́ mi, ó ní kò sí bí òun ṣe máa wà níbẹ̀ tí bàbá á máa ru ẹrù. Kí n tó rí ẹnu sọ pé ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rìn lọ sílé, ó ti gbé ẹ̀wà náà sínú takisí tó ń lọ sí Challenge, tí kò gba ọ̀nà ilé mi rárá. Ó kúnlẹ̀, ó dágbére, ó lọ. Èmi náà wọ takisí náà tẹ̀lé ẹ̀wà mi, nítorí pé awakọ̀ ti ń rọra lọ. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo tún wá ọkọ̀ padà sílé, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí. Ẹni tó ṣe mí lóore ni.

Mo ro ẹjọ́ yìí fún ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Ring Road. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, ohun tó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni bí ènìyàn ṣe ń di arúgbó láàárín àwọn ènìyàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ta ni kò mọ ìyẹn? Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọjọ́ orí kì í ṣe ẹyọ kan péré. Ọ̀kan wà tó jẹ́ iye ọdún tí kàlẹ́ńdà kà. Èkejì wà tó jẹ́ ohun tí ara ṣì lè ṣe, àgbà méjì lè jọ jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún kí ọ̀kan máa sáré, kí èkejì má lè dìde. Ẹ̀kẹta ni iye tí àwọn ènìyàn bá pè ọ́, tí wọ́n á sì máa retí pé kí o máa hùwà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀kẹta yìí ló ń dà mí láàmú.

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn mí nínú. Ó ní níbòmíràn, ìwọ̀sí ni wọ́n fi ń lé àgbà kúrò nídìí nǹkan, àgbà á sì lè bínú. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀wọ̀ ni wọ́n lè fi lé e, kò sì ní mọ ibi tí yóò gbé ẹjọ́ náà lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ mi gan-an lo sọ yẹn. Bí mo ti ń wí bẹ́ẹ̀, ó nawọ́, ó gba ife tíì lọ́wọ́ mi, kí ó má baà dànù sí mi lára. Mo wò ó. Ó rọra gbé e padà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máà bínú, ọwọ́ òun ló yára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ìjà nìyí. Àdúgbò wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ojú títì wá sí etí odò kékeré kan nísàlẹ̀. Ní ibi tí ọ̀nà ti yà, gọ́tà ń gba abẹ́ ọ̀nà kọjá sí òdìkejì kí ó tó sọ̀ sínú odò. Ohun tó ń gbé omi kọjá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fọ́, ẹgbẹ́ sì fẹ́ ṣe òmíràn. Àwọn tí wọ́n yàn rọ́pò mi ra páìpù rọ́bà oníínṣì méjìlá, wọ́n ní àwọn á tẹ́ ẹ, àwọn á da kọnkéré lé e lórí, mọ́tò á sì máa kọjá geere. Nígbà tí mo rí páìpù náà nílẹ̀, mo rò pé ti ilé ìwẹ̀ ẹnì kan ni.

Ilé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ibi tí ọ̀nà ti yà, jẹ́ ti opó kan tó ń ránṣọ. Ìyá aránṣọ ni gbogbo wa ń pè é. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, máṣíìnì mẹ́ta àti aṣọ àwọn oníbàárà ló wà níbẹ̀. Bí omi kò bá rí abẹ́ ọ̀nà gbà, kò sí ibòmíràn tó lè yà sí ju ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo fi rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tó máa gba rọ́bà náà lọ́wọ́ mi. Ibi tí wọ́n gbẹ́ kalẹ̀ fún páìpù náà fi ínṣì mẹ́sàn-án ga ju ìsàlẹ̀ gọ́tà lọ. Ìyẹn ni pé gọ́tà á kọ́kọ́ kún kí omi tó dé ẹnu páìpù, bí ó bá sì dé ẹnu rẹ̀ tán, páìpù náà kò ní lè gbé e mì.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo fi àdúrà ṣí i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi. Mi ò wá jókòó. Mo dúró ti àga náà, mo ní, "Bí ẹ bá tẹ́ páìpù yìí bí ó ṣe wà yìí, omi á wọlé ìyá aránṣọ."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ ní Dùgbẹ̀ bí ìgbà ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ló sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnì kan ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Òmíràn ní kò ní ṣẹlẹ̀ láṣẹ Olúwa. Akápò fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó sì ju nǹkan tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ dànù. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ ínṣì ni. Alága dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí.

"Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yín sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí i padà sí rere fún wa."

Bí mo bá ní omi kò ní wọlé, irọ́ ni mo pa. Bí mo bá ní yóò wọlé, mo ti ṣépè fún wọn. Kò sí gbólóhùn kankan nínú èdè Yorùbá tí ẹni tó dàgbà tó mi lè fi kìlọ̀ nípa páìpù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n bí àgbà bá nawọ́ sí orí ọmọ náà, wọ́n á ní kí ó lọ jókòó.

Mo délé, mo ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, gọ́tà, páìpù, ilé ìyá aránṣọ, iye ínṣì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ga jura wọn. Mo mú un tọ alága lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wò ó bí ẹni wo àwòrán ọmọ ẹlòmíràn, ó ní ọwọ́ Dádì ṣì dúró dáadáa o. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun fi í sínú Bíbélì òun. Mo ní kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ó ní kí ìbùkún rẹ̀ lè máa bá òun gbé. Mo kúrò níwájú rẹ̀ kí n má baà sọ ohun tí yóò jẹ́ èpè lóòótọ́.

Wọ́n tẹ́ páìpù náà, wọ́n da kọnkéré lé e, ó dán, ó mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni òjò dé, ní ọ̀sán gangan. Mo dúró lójú fèrèsé mi, mo ń wo bí gọ́tà ṣe ń kún. Ó dé ẹnu páìpù, ó yí padà, ó gun ojú ọ̀nà, ó sì wọ́ tọ̀ọ̀rọ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ìyá aránṣọ, ibi tí mo yà á sí nínú ìwé gan-an. N kò ní purọ́, inú mi dùn. Kò pẹ́, kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mu omi ife kan lọ, ṣùgbọ́n ó dùn. Mo tiẹ̀ ń rò ó bí n ó ṣe wọ ìpàdé tó ń bọ̀. Àfìgbà tí mo rí obìnrin náà tó jáde, omi dé e ní orúnkún, ó ru orí máṣíìnì kan, ó sì pọn aṣọ oníbàárà mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pọn ọmọ. Ojú tì mí débi pé mo kúrò lójú fèrèsé. Mo wọ bàtà òjò, mo lọ bá a gbé ìyókù.

Ní ọjọ́ kejì, alága, akápò àti akọ̀wé wá sílé mi pẹ̀lú páálí ohun mímu máàtì kan. Ìyá aránṣọ tẹ̀lé wọn, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, etí ìró rẹ̀ ṣì tutù. Mo rò pé wọ́n wá béèrè ohun tí a máa ṣe sí páìpù ni. Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pálọ̀ mi.

"Dádì, a mọ̀ pé a ṣẹ̀ yín," ni alága wí láti ilẹ̀. "Ohun tí ẹ sọ ló ṣẹ yẹn. Ẹ bá wa tú u."

Mo ní mi ò di nǹkan kan, kí ni n ó tú? Mo ní kí wọ́n fọ́ kọnkéré náà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Dádì, inú ń bí yín, ẹ ní ẹ̀tọ́. Mo tún un sọ. Wọ́n ní àwọn kò ní dìde àfi bí mo bá fi ẹnu mi sọ rere sí àdúgbò. Mo ṣàlàyé bí omi ṣe ń rìn fún ọkùnrin mẹ́ta tó dojú bolẹ̀, kò sí èyí tó gbé orí sókè. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo wo ìyá aránṣọ, òun nìkan ló ń wò mí. Mo rò ó pé bí mo bá ní n ó fi àlàyé borí wọn, òjò mìíràn á dé bá a nínú ilé yẹn kí n tó ṣe tán.

Akọ̀wé wa yìí, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Nínú ìjọ wọn, bí ẹni tó wà nínú ẹ̀mí bá ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan á jókòó tì í, á máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, nítorí pé ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe, bí wọ́n bá ti wí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é. Akọ̀wé ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí nínú ìjọ wọn, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ìwé ìpàdé. Mo rántí èyí, mo ní kí wọ́n dìde kúnlẹ̀, kí wọ́n pa ojú dé, kí akọ̀wé mú bírò.

Mo ní, "Olúwa tó dá omi, tó sì fi ọ̀nà hàn án, kọnkéré tó dí ọ̀nà omi ládùúgbò yìí, fọ́ ọ láàárọ̀ ọ̀la."

Wọ́n ní àmín.

"Páìpù oníínṣì méjìlá, yọ ọ́ kúrò láàárín wa. Fi òrùka kọnkéré oníínṣì mẹ́rìndínlógójì, tí omi yóò gba inú rẹ̀ kọjá, rọ́pò rẹ̀."

Àmín yẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ fi ínṣì méjì rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ gọ́tà lọ. Ẹni tí yóò tò ó, má jẹ̀ẹ́ kí ó fi ojú wọ̀n ọ́n. Fi rọ́bà olómi lé e lọ́wọ́."

Mo gbọ́ bí bírò akọ̀wé ṣe ń sáré lórí ìwé. Ó ní kí n jọ̀ọ́, ṣé ínṣì méjì ni mo wí àbí mẹ́ta? Mo ní méjì, láṣẹ Olúwa. Ó kọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìró òòlù ló jí mi. Wọ́n ti ń fọ́ kọnkéré. Wọ́n lọ ra òrùka náà lọ́nà Challenge, wọ́n gbé e wá. Bíríkìlà fẹ́ fi ojú wọ̀n ọ́n, akọ̀wé ṣí ìwé sí i níwájú, ó ní kò sí nínú ohun tí Bàbá sọ. Mo wá síbẹ̀ láti wò ó, wọ́n bá sáré gbé àga fún mi. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi gba abẹ́ ọ̀nà kọjá wọ odò, ẹnu ọ̀nà ìyá aránṣọ gbẹ. Ní ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Alága ní ìdí tó fi dára nìyẹn kí àdúgbò ní àgbà tí ẹnu rẹ̀ mú. Wọ́n ní àwọn á rán aṣọ funfun kan fún mi tí n ó máa wọ̀ jókòó. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní mo fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan nípa páìpù. Wọ́n ní àmín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday, ìyá aránṣọ wá sílé mi láti wá wọn aṣọ náà. Ó fi téèpù kọ́rùn, ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ó ní kí n dúró. Ó wọn èjìká mi, ó kọ ọ́. Ó wọn àyà mi, ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, kò wojú mi.

"Àdúrà tí mo mọ̀ kì í ní ínṣì nínú, Bàbá."

Ẹnu yà mí. Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní láti ìgbà tí mo ti ń gbà á ni, òun kò tiẹ̀ pa ojú dé. Ó ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọ̀n a máa mọ ẹni tó ti wọn nǹkan. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún wọn? Ó ní bí òun bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, bí ìwé tí alága fi sínú Bíbélì ni wọ́n á tún ṣe é, kọnkéré á sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Mo ní ó dára, ilé rẹ̀ ti gbẹ báyìí, kí ó bá mi sọ fún wọn. Kí ó sọ pé iṣẹ́ ni mo ṣe, pé mi ò fẹ́ aṣọ funfun, àwòrán iṣẹ́ ni kí wọ́n máa gbé wá fún mi. Ó ń ká téèpù mọ́ ìka rẹ̀. Ó ní òun lè sọ fún wọn, kò le. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbà gbọ́ pé n kì í ṣe Bàbá Àdúrà, tí gọ́tà bá tún bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀?

Inú bí mi sí i, nítorí pé òótọ́ ló sọ. Ó ní kí n na apá mi méjèèjì kí òun lè wọn gígùn rẹ̀. Mo nà wọ́n.